Orí Keje: Èdè Tó Níṣẹ́ Ló Ń Pẹ́ Lẹ́nu

Ní nǹkan bí ọdún 1850, ní ìlú Freetown ní Sàró (Sierra Leone), ọkùnrin àgbà kan máa ń jókòó ti òyìnbó ará Jámánì kan, a sì máa pìtàn fún un lédè Kánúrí. Sigismund Wilhelm Koelle lorúkọ òyìnbó náà, míṣọ́nnárì CMS ni. Ali Eisami ni wọ́n ń pe bàbá àgbà yẹn, ọmọ Gazir ní ilẹ̀ Borno. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Koelle ń kọ ọ́ sílẹ̀: òwe, àlọ́, ìtàn ilẹ̀ Borno, àti ìtàn ìgbésí ayé Ali fúnra rẹ̀. Ní 1854, ìwé méjì jáde nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀kan lórí gírámà Kánúrí, èkejì lórí òwe, àlọ́ àti ìtàn wọn. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Kánúrí ìgbà náà ṣe rí kò lè fo ìwé méjèèjì náà.

Ohun tó yẹ kó ya ẹni tó ń kọ́ èdè lẹ́nu ni ọ̀nà tí bàbá yìí gbà dé Freetown. Ogun Fúlàní tó ja Borno ní 1808 àti ìyàn tó tẹ̀ lé e ló tú ilé wọn ká. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n tà á sí ilẹ̀ Haúsá, wọ́n tún tà á láti ibẹ̀ dé Ọ̀yọ́ Ilé. Bí ọdún mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ àwa Yorùbá. Nígbà tí Àfọ̀njá gbé ogun dìde ní Ìlọrin ní nǹkan bí 1817, tí ìròyìn kàn pé ẹrú tó bá sá lọ síbẹ̀ ti gba òmìnira, ẹ̀rù ba ọ̀gá rẹ̀ pé òun náà yóò sá lọ, ló bá tà á sí etí òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó kó òun àti àwọn ẹrú mìíràn, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Sàró ní 1818. Orúkọ tuntun tí wọ́n fún un ni William Harding. Ilẹ̀ Haúsá kọjá lára rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá kọjá lára rẹ̀, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé láàárín àwọn ará Sàró nígbà tí Koelle jókòó tì í. Síbẹ̀ Kánúrí rẹ̀ ṣì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu débi pé odidi gírámà ti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde.

Mo fi í ṣíwájú nítorí pé púpọ̀ nínú wa gbà pé èdè tí a kò bá gbé àárín àwọn tó ni ín kò lè ṣe kó má parẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ali ti lé lógún ọdún kó tó kúrò nílé, ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kékeré yàtọ̀ pátápátá: ní 2003, Christophe Pallier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà tí àwọn ẹbí Faransé gbà tọ́ láti Kòríà nígbà tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èdè Kòríà, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Èdè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ayé kò yàtọ̀ létí wọn sí èdè tí wọn kò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló yọ Ali. Àwọn ọmọ Borno mìíràn wà ní Freetown tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ní àlọ́ lẹ́nu. Kánúrí rẹ̀ kò jókòó lásán, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro àwa tí a ń ka ìwé yìí yàtọ̀ sí tirẹ̀. Àgbà ni a ti ń kọ́ èdè ẹlòmíràn, ibi tí a sì ti kọ́ ọ ni a máa ń fi sílẹ̀. Ẹ wo ọmọ Yorùbá tó sìnrú ìlú ní Maiduguri, tàbí tó kàwé ní yunifásítì tí ìjọba dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1975, tàbí sójà tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó ń fi Haúsá rajà, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ Kánúrí kí àwọn àgbà àdúgbò. Ọdún kejì tó padà dé Òṣogbo, ó kù díẹ̀ kó máa sọ pé òun kò gbọ́ ọ mọ́.

Bí ìgbàgbé ṣe ń rìn kò rú èèyàn lójú mọ́. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1885. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń padà sí wọn lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, lẹ́yìn oṣù kan, láti mọ bí àtúnkọ́ wọn yóò ṣe pẹ́ tó. Láàárín wákàtí kan péré, ó ju ìdajì làálàá àkọ́kọ́ lọ tó ti ṣòfò. Lẹ́yìn oṣù kan, bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sáré lọ mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ìgbàgbé ti ń sáré, lẹ́yìn náà ó ń wọ́ ẹsẹ̀.

Ẹnìkan tó gbé irú ìdánwò yìí dé orí èdè gidi ni Harry Bahrick ní Amẹ́ríkà. Ní 1984, ó tẹ ìwádìí jáde lórí èèyàn 733 tó kọ́ èdè Sípéènì nílé ẹ̀kọ́. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ni, àwọn mìíràn ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún. Láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni èdè náà jò dànù jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ṣẹ́ kù dúró síbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún láìyẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò sọ ọ́ mọ́ rárá. Ẹni tó sì kọ́ ọ jinlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀ ṣẹ́ kù jù.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí mú níbẹ̀. Ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà ni ewu wà, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti sapá jù. Ohun tí ẹ bá sì kó jọ nígbà tí ẹ ṣì wà láàárín wọn ni yóò sọ iye tó máa kù.

Ẹ jẹ́ ká wo àkókò tí ẹ wà níbẹ̀ ná. Maiduguri, tí àwọn Kánúrí ń pè ní Yerwa, ti jẹ́ ibùjókòó Shehu Borno láti 1907. Kánúrí ló ni ilẹ̀, Haúsá ni wọ́n fi ń tajà jù, Lárúbáwá àwọn Shúwà wà níbẹ̀, Bura, Margi àti Mandara náà wà níbẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ti lé àwọn ará abúlé wọ ìlú. Bí ẹ bá ń wá èdè tí yóò sìn yín káàkiri, ẹ mú Haúsá. Yóò bá yín dé Kánò, yóò bá yín dé Niamey, yóò bá yín dé Sábó ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n fà yín wọlé, kí ìyá arúgbó fi yín ṣe ọmọ, Kánúrí ni. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ méjèèjì pọ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ àjèjì ló ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí ọ̀kan mú.

Kánúrí kò bá Haúsá tan, kò bá Yorùbá tan. Èdè àwọn Tubu àti Zaghawa ní aṣálẹ̀ ni ó sún mọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló máa ń kẹ́yìn gbólóhùn wọn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní sùúrù kí ẹnìkejì parí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó ṣe. Àmọ́ ó ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, etí ọmọ Yorùbá sì ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ látinú oyún. Àwọn òyìnbó ń fi ọdún mélòó kan wá ohun tí a bí mọ́ wa.

Iṣẹ́ wo wá ni ká gbé fún èdè náà? Ọjà ni àkọ́kọ́. Ẹ lọ sí Tashan Baga ní Maiduguri, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ tó wá láti adágún Chad, ẹja tí àwọn ìyá wa ń fi se ọbẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn láìmọ ibi tó ti wá. Ọlọ́jà ń to ẹja sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníbàárà ń bá a kà á: tilo, indi, yasku, dege, uwu. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹja kẹfà ti wà lọ́wọ́ ọlọ́jà, oníbàárà ń la ẹnu sílẹ̀, ó ń wá a nínú orí, ọlọ́jà náà ń wò ó, kò bá a sọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ó jáde: arasku. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹja náà sílẹ̀, wọ́n sì ń bá a lọ: tulur, usku, lagar, megu.

Ìṣẹ́jú àáyá tó fi dúró yẹn ni ẹ̀kọ́ gan-an. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbìyànjú láti fa ohun tí wọ́n kà yọ látinú orí wọn rántí púpọ̀ ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ, nígbà tí wọ́n padà wá dán wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ń tún un kà rò pé àwọn mọ̀ ọ́n jù. Wàhálà wíwá ọ̀rọ̀ ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọpọlọ. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá fẹ́ bá yín sọ ọ́, ẹ fọwọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró díẹ̀.

Ìkíni ni iṣẹ́ kejì, ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá sì ti borí gbogbo àjèjì yòókù. Haúsá ní sannu da aiki fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní sannu da zuwa fún ẹni tó ń bọ̀, àwọn Kánúrí a sì máa fi wushe wushe gba àlejò kí wọ́n tó wá béèrè ilé, ara àti iṣẹ́. A kò ní láti kọ́ ìdí tí ìkíni fi ń gùn. Èèyàn tó ń kí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá láàárọ̀, tó ń kí aláàbójútó ẹnu ọ̀nà, tó ń kí alágbàfọ̀, tó sì ń dúró gbọ́ èsì, ti sọ èdè náà ṣáájú kó tó dé ibi iṣẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba Borno ti fòfin de ọ̀kadà nínú ìlú ní 2011, kẹ̀kẹ́ yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú sì ń kan ojú nínú rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ lédè wọn, ẹ fi èdè wọn ná owó rẹ̀, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ àpò.

Inú ilé kéú ni mo ti rí ohun tó kọ́ mi jù nípa ìrántí ní Borno. Gbogbo ìhà Àríwá ló mọ Borno mọ́ Kùránì. Goni ni wọ́n ń pe ẹni tó bá há gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọ ń kọ ẹsẹ sórí wàláà, ó ń kà á sókè, ó ń lọ síwájú àlùfáà láti kà á láìwò, lẹ́yìn náà ni yóò fọ wàláà náà, tí yóò kọ òmíràn sí i. Ẹsẹ àná kò lọ gbé, wọn yóò ní kó padà kà á. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí yóò fi lè kọ Kùránì látòkè délẹ̀ láìwo ìwé. Ali Eisami pàápàá, ilé kéú ni bàbá rẹ̀ fi í sí ní kékeré. Ohun tí Roediger àti Karpicke fi ìdánwò fi hàn, àwọn àlùfáà wọ̀nyí ti ń ṣe é láti ayébáyé.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ òdì kejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó há gbogbo Kùránì sórí ni kò lè fi Lárúbáwá ra omi. Kíkà ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún èdè náà, kíkà náà ni ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ń há ọ̀rọ̀ èdè sórí nínú ìwé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ yóò bá ara rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nǹkan mìíràn wà láàárín àwọn àlùfáà Borno tó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀. Tarjumo ni wọ́n ń pè é: èdè Kanembu ìgbà láéláé tí wọ́n fi ń túmọ̀ Kùránì. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń fi í bá ọmọ sọ̀rọ̀. Irú èdè yìí ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn Kùránì àfọwọ́kọ ilẹ̀ Borno, ọ̀kan nínú wọn sì ní ọdún 1669 lára. A. D. H. Bivar kọ̀wé nípa wọn ní 1960, Dmitry Bondarev sì ti bá àwọn àlùfáà òde òní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Èdè tí kò ní ilé, tí kò ní ọjà, tí ìyá kankan kò fi rọmọ, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ó ṣì wà lẹ́nu, nítorí pé àwọn àlùfáà ò gba iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Tarjumo bá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Haúsá tí ẹ sọ fún ọdún kan ní Maiduguri lè tẹ̀ lé yín délé.

Báwo ni ẹ ó ṣe gbé e délé? Bahrick tún ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì kọ́ 300 ọ̀rọ̀ èdè òkèèrè, wọ́n sì dán ara wọn wò títí di ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n parí. Èsì rẹ̀ jáde ní 1993. Ìpàdé 13 tí wọ́n fi ọjọ́ 56 sáàárín rẹ̀ fún wọn ní ìrántí tó tó ti ìpàdé 26 tí wọ́n fi ọjọ́ 14 sáàárín rẹ̀. Àgbẹ̀ kì í roko lójoojúmọ́. Ó ń dúró kí koríko yọrí díẹ̀, kó tó gbé ọkọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti mọ̀ dáadáa: ẹ jẹ́ kó fẹ́ máa bọ́, kí ẹ tó padà sí i. Ọ̀rọ̀ tuntun ni kí ẹ máa tún wò lójoojúmọ́.

Rédíò wà fún èyí. BBC ti ń sọ̀rọ̀ lédè Haúsá láti 1957, Dandal Kura sì ti ń fi Kánúrí sọ̀rọ̀ láti 2015. Ẹ lè gbọ́ wọn lórí fóònù níbikíbi. Ọgbọ́n kan tó dára púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ka ìròyìn ọjọ́ náà lórí BBC Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, kí ẹ tó gbọ́ ti Haúsá. Ọ̀pọ̀ ìròyìn ló máa ń jọra. Nígbà tí ẹ ti mọ ẹni tó kú àti ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀, etí yín yóò máa mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dípò kó máa sáré lé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa rédíò náà, kí ẹ sọ ìròyìn kan sókè fún ara yín lédè Haúsá. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há ni ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ wá lọ́la.

Fóònù tún ṣeé lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má pa nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín ní àdúgbò Bulumkutu tàbí Gwange ní Maiduguri rẹ́. Ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó fi ohùn dáhùn. Ohùn kò fi àyè sílẹ̀ fún jíjí ọ̀rọ̀ wò bíi ti lẹ́tà. Facebook àti Google ṣeé yí sí Haúsá. Àjọ Translators without Borders ti ṣe ìwé ọ̀rọ̀ sórí fóònù fún àwọn tó ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Borno, Haúsá àti Kánúrí wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń dárúkọ rẹ̀.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá tó ti wà níbẹ̀ láti 1916. Sábó wà ní Ṣágámù, ó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ yan nǹkan kan tí ẹ ó máa rà níbẹ̀ nìkan, bó jẹ́ tàtàṣé, bó jẹ́ kánún, bó jẹ́ súyà alẹ́ Sátidé, kí ẹ má sì fi èdè mìíràn rà á. Ọlọ́jà lè fi Yorùbá dá yín lóhùn, nítorí pé Yorùbá tiwọn náà máa ń dùn. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ẹ ṣáà máa fi Haúsá bá a lọ. Ìtìjú ti ba èdè púpọ̀ jẹ́ lẹ́nu ju ọjọ́ orí lọ. Àwọn ará Maiduguri tí mo mọ̀ kì í fi àjèjì tó ń ta kókó ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n máa ń bá a yọ̀ pé ó gbìyànjú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti padà dé, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹnìkan ní Borno lónìí kí ẹ tó sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Maiduguri lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kọ́ oókan dé ẹẹ́wàá Kánúrí kí ọkọ̀ tó gbéra.